Iṣẹ́ Ilé Ìtura Kì Í Ṣe Oko Ẹrú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè Ifangni kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, a ó bá a wá ọ̀gá. Bí ó bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, a ó ta epo kẹ́ẹ̀gì kan tàbí méjì kí a lè san owó ìkọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu, ojú bàbá yóò korò, ìyá yóò sì dákẹ́. Àwọn kan á ní, "Ṣé kí ọmọ mi lè máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjèjì ni mo ṣe rán an lọ sí ilé-ìwé?" Àwọn mìíràn á ní, "Ilé ìṣekúṣe ni ibẹ̀. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ ti sọnù."

Mo fi ọdún 31 ṣe iṣẹ́ yìí, láti 1986 títí di 2017. Ìgbálẹ̀ àti garawa omi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu. Mo ṣe é dé Lomé, mo ṣe é dé Abidjan, mo ṣe é dé Èkó. Libreville, ní orílẹ̀-èdè Gabon, ni mo ti fi í sílẹ̀, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìtura oníyàrá 120. Nísinsìnyí tí mo ti padà sí Tchaada, tí mo sì ní àyè láti wo ẹ̀yìn wò, èrò mi ni pé àwọn òbí tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ ilé ìtura, bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ti ahunṣọ. Ó ní ìmọ̀, ó ní àṣírí, ó sì ní ipò gíga. Ohun tó ń dí wa lọ́nà láti dé ipò náà kì í ṣe àwọ̀ ara wa. Ìwé ni, àti ojú tí àwa fúnra wa fi ń wo iṣẹ́ náà.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú òwe yìí.

Ojú ẹrú tí a fi ń wo iṣẹ́ náà ní ìdí nínú ìtàn. Ní ayé ìjọba àmúnisìn, àwọn òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì fún. Ènìyàn dúdú tó bá wọ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé, láti dáná, láti fọṣọ, tàbí láti gbé ẹrù. Ní ọdún 1947, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ivor Cummings dé sí Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn. Sierra Leone ni bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n ti gba yàrá fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n kọ̀, wọn kò jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá rúgúdù sílẹ̀ ní Èkó. Ìwé ìròyìn pariwo, àwọn aráàlú bínú, títí gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́ ní ibi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Kò tilẹ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ ṣáájú èyí tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Learie Constantine, ọmọ Trinidad, tó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká nínú eré kríkẹ́ẹ̀tì, san owó yàrá sílẹ̀ ní Imperial Hotel ní 1943. Nígbà tí òun pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá ibòmíràn lọ. Constantine kò bá wọn jà. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní 1944.

Ẹ kò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ náà ló burú nígbà náà? Ẹni tí wọ́n gbà láyè láti sùn lórí ibùsùn, àti ẹni tí wọ́n ní kó máa tẹ́ ibùsùn nìkan, ibẹ̀ ni ìyà wà. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn ìjọba wa mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sáré kọ́ ilé ìtura ńlá. Federal Palace dìde ní Èkó ní ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ààrẹ Houphouët-Boigny kọ́ Hôtel Ivoire sí Abidjan, wọ́n sì ṣí i ní 1963. Ìjọba ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà kọ́ Premier Hotel sórí òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Lomé ní Hôtel du 2 Février ní 1980, ilé gíga tí àjà rẹ̀ lé ní 30. Ohun tí àwọn ilé wọ̀nyí ń wí ni pé àwa náà ti di onílé tí ń gba àlejò.

Ní tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé ibi tí orílẹ̀-èdè yìí ti tún ara rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 1990, bíi 500 ènìyàn láti gbogbo ẹ̀yà àti gbogbo iṣẹ́ jókòó pọ̀ ní Hôtel PLM Alédjo ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága wọn. Ilé mìíràn ni èmi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, orí rédíò ni mo ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo ayé mọ ohun tí àwọn aṣojú náà sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń se oúnjẹ àárọ̀ wọn? Ta ló ń tún yàrá ṣe, tí ń pèsè omi, tí ń rí i pé iná kò kú nígbà tí ọ̀rọ̀ gbóná? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura ni. Orílẹ̀-èdè kò lè jókòó sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ẹni tó tẹ́ àga.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò wọ inú rẹ̀ rí. Ilé ìtura ńlá dà bí ìlú kékeré. Ó ní ẹnubodè, ó ní ilé ìdáná, ó ní ilé ìfọṣọ, ó ní akápò, ó ní ọdẹ tí ń ṣọ́ ọ lóru. Ọ̀gá àgbà ni olórí ìlú náà. Bí omi kò bá yọ ní ẹ̀rọ, òun ni wọ́n ń pè. Bí àlejò bá ń ṣàìsàn ní aago méjì òru, òun ni wọ́n ń jí. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá jà, òun ni adájọ́.

Yàrá tí ilé ìtura ń tà sì dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ọjà. Ẹni tí ń ta aṣọ lè dì í padà, kó tún tà á ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹlẹ́ran ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí yàrá kan kò bá rí àlejò lálẹ́ òní, owó alẹ́ òní ti kú, kò ní jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó iná àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò dín. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ka yàrá tó ṣófo, kó rántí iye tí ó ṣófo ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó sì pinnu bóyá òun yóò dín owó kù tàbí òun yóò dúró. Ẹni tó bá mọ èyí ṣe, kò yàtọ̀ sí ìyálọ́jà tó gbọ́n.

Àwọn Yorùbá ní, àlejò tó bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ìyẹn ni pé bí àlejò bá ti rí ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. A mọ ìtọ́jú àlejò ní ilẹ̀ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Omi tútù ni àkọ́kọ́, kí a tó béèrè ohun tó gbé e wá. Ọ̀pọ̀ àjèjì ni mo rí tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó mọ ohun tí ọmọ Tchaada ti mọ̀ láti ilé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ní ilé wa, àlejò kan tàbí méjì là ń gbà, a sì lè fi orí rántí ohun tí wọ́n fẹ́. Níbi tí àlejò 200 wà, tí wọ́n ń yí padà lójoojúmọ́, orí kò lè gbà á. Ìwé ló ń gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé fi sọ́kàn nìyẹn. Ní ilé ìtura, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń ka aṣọ ibùsùn tó jáde lọ sí ilé ìfọṣọ, wọ́n sì ń ka èyí tó padà wá. Wọ́n ń kọ iye ẹyin tó wọlé àti iye tí wọ́n din. Òṣìṣẹ́ òru ń kọ̀wé sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àárọ̀: "Àlejò yàrá 14 kò gbádùn inú. Ẹ má fi ata sí oúnjẹ rẹ̀." Ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí, ata ni yóò gbé lọ fún aláìsàn.

Obìnrin kan láti agbègbè Sakété bá mi ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń tún yàrá ṣe. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ nínú ilé náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí àwọn tí ń tún yàrá ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fò ó kọjá, nítorí pé kò lè kọ ìròyìn iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kò bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Èdè tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà ló kọ́ Faransé. Ní ọdún kẹta, òun ló ń kọ ìròyìn náà, ènìyàn 14 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé kọ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ló jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn rí i.

Èmi náà rí tèmi. Ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti òkè òkun. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ ní bí ilé náà ṣe ń rìn. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá mi. Owó oṣù rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún tèmi, wọ́n sì fún un ní ilé àti ọkọ̀. Nígbà tí mo béèrè ìdí, wọ́n ní èmi kò mọ ìwé ìṣirò owó. Ó dùn mí gidigidi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìdí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé, nínú ìdí tí wọ́n ní, èyí nìkan ni ọwọ́ mi lè ká. Mo kọ́ ìṣirò owó lálẹ́ fún ọdún méjì. Mo kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, nítorí pé mo fẹ́ lè ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tí mo tún béèrè ipò, wọn kò rí ohun tí wọn yóò fi dá mi dúró.

Kò yẹ kí n tan yín jẹ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Òṣìṣẹ́ ilé ìtura kì í ṣe ọdún pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ọdún ni àlejò ń pọ̀. Rògbòdìyàn ìlú sì máa ń bá a níbi iṣẹ́. Mo wà ní Lomé nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 1992, tí ó sì gba bíi oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní ìlú náà wá sí Bẹ̀nẹ̀ àti Ghana. Ilé ìtura wa dàbí ibojì. Kó tó rí ara gbà, oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1994 dé, wọ́n sì gé agbára owó CFA sí méjì. Ohun tí a ń rà láti òkè òkun wọ́n ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà náà ni àwọn ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé iṣu wà, pé ẹ̀wà wà, pé òróró ilẹ̀ wa dára.

Mo wà ní Abidjan nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1999. Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2002. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde lálẹ́. Àlejò kò lè lọ, òṣìṣẹ́ kò lè relé. A ka gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, a kọ orúkọ wọn, a sì pín omi, epo ẹ̀rọ amúnáwá àti oúnjẹ ní ìwọ̀n. Nígbà tí búrẹ́dì àti ẹran tán, gàrí àti atiéké tí àwọn obìnrin ń tà lẹ́yìn ògiri wa ni a fi bọ́ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ráhùn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú ń wo ojú ọ̀gá ilé ìtura. Bí ó bá sá, gbogbo wọn yóò sá.

Àwọn kan ti san iye tó ju èyí lọ. Ní oṣù Igbe ọdún 2011, nígbà tí ìjà ń lọ ní Abidjan, àwọn agbébọn wọ Novotel, wọ́n sì mú ènìyàn mẹ́rin lọ. Ọ̀gá àgbà ilé náà, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára wọn. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan wà lára wọn pẹ̀lú. Wọn kò padà wá láàyè. Ní oṣù Bélú ọdún 2015, wọ́n kọlu Radisson Blu ní Bamako. Ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2016, ó kan Splendid Hotel ní Ouagadougou. Nítorí náà, ẹni tó bá pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ ọ̀lẹ tàbí iṣẹ́ ẹrú kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ó kù ẹ̀sùn kejì, èyí tí àwọn ìyá ń mú wá, pé ilé ìṣekúṣe ni òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò ní sẹ́ ẹ. Àwọn ilé kéékèèké kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń ya yàrá ní wákàtí, tí wọn kì í béèrè orúkọ. Nínú àwọn ilé ńlá pàápàá, àwọn àlejò kan wà tí wọ́n rò pé owó yàrá ti ra ọmọbìnrin tó ń tún un ṣe. Ìbẹ̀rù àwọn ìyá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe kí a há ọmọ mọ́lé. Ìdáhùn rẹ̀ ni òfin tó dúró ṣinṣin. Ní gbogbo ilé tí mo ti ṣe olórí, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí bí obìnrin bá ń tún yàrá ṣe, kẹ̀kẹ́ aṣọ rẹ̀ yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní alẹ́, obìnrin kì í dá lọ sí yàrá, méjìméjì ni wọ́n ń lọ. Àlejò tó bá fọwọ́ kan òṣìṣẹ́ yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde, kódà bí ó bá jẹ́ mínísítà. Mo ti lé àlejò olówó jáde rí nítorí èyí, ilé náà kò sì wó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, dípò kí ẹ sọ pé "má lọ," ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé wọn yóò fún ọmọ mi ní ìwé àdéhùn iṣẹ́? Ṣé wọn yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, kí ó lè gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ iwájú? Bí ó bá ṣiṣẹ́ di òru, báwo ni yóò ṣe padà sílé? Bí àlejò bá fìtínà rẹ̀, ta ni yóò lọ bá? Ilé tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fi ọmọ yín síbẹ̀. Ilé tó bá lè dáhùn wọn, tí ó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí òbí fúnra rẹ̀ lè ka ìwé àdéhùn náà.

Mo ń sọ èyí nísinsìnyí nítorí pé àkókò kò dúró dè wá. Àlejò ń bọ̀ wá sí Bẹ̀nẹ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ Faransé ti dá ohun ìṣúra 26 ti ààfin Abomey padà ní oṣù Bélú ọdún 2021, àwọn tí ń fẹ́ mọ ìtàn wa ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá sí Ouidah ní oṣù Ṣẹrẹ fún ọdún Vodun. Sofitel ti ṣí ilẹ̀kùn ní Kútọnu, níbi tí Marina wà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló kan Tchaada nínú èyí?" Ó kàn wá ní ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kọ́ ọ bí iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n má kàn lọ wá owó ojúmọ́. Kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ìgbálẹ̀ kọ́ ni òpin. Èdè méjì, ìṣirò owó àti ọwọ́ mímọ́, ohun mẹ́ta yìí ni àkàbà tí mo gùn.

Èkejì ni ọjà fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá tí ń yan gàrí. Ilé ìtura ń jẹun lójoojúmọ́. Ó nílò ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo, gàrí, ẹ̀fọ́ àti adìẹ. Ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra nǹkan láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe pé tiwa kò dára. Ọ̀gá ilé ìdáná fẹ́ kí gàrí ọ̀sẹ̀ yìí rí bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kí a fi ọwọ́ bù ú. Ó fẹ́ kí ó dé ní ọjọ́ tí a dá. Ó sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí ọjà, tó ní orúkọ, iye àti ọjọ́. Ìyá kan ṣoṣo kò lè ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìyá ogún tó bá para pọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn mọ ìwé dáadáa, lè ṣe é. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù Ògún ọdún 2019 títí di ìparí 2020, a rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbójú lé ọjà òdìkejì Igolo nìkan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀kẹta ni pé kí àwa náà di onílé. Mossadeck Bally, ọmọ orílẹ̀-èdè Mali, ra Grand Hôtel ní Bamako lọ́wọ́ ìjọba ní 1994. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Azalaï ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti ní ilé ìtura ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, títí kan Kútọnu. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ní Tchaada lọ kọ́ ilé alájà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ń gba Igolo kọjá lójoojúmọ́, àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń dé wá sí àdúgbò wa. Yàrá mẹ́rin tó mọ́, tí omi wà níbẹ̀, tí àwọ̀n ẹ̀fọn wà níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé sínú ìwé, ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹbí kan lè ṣe ni, bí wọ́n bá fi ìwà ọmọlúàbí ṣe é.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí àlejò dé, kí ilé ìtura pọ̀, kí ó sì jẹ́ pé àwọn tí ń gbé ẹrù nìkan ni yóò jẹ́ ọmọ wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò ní lè dá àjèjì lẹ́bi nìkan. A ó rántí pé ọmọ wa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa, a sì sọ fún un pé ọ̀nà ẹrú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí fúnra yín, ẹ ti ṣe èyí tó le jù. Ẹ kà á fún ọmọ tó wà nílé. Bí ọmọ náà bá sì ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìgbàlejò, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin náà, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì rí i pé ìwé àti kálámù wà nínú àpò rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.